Ṣé o mọ̀? Fáànù ọkọ̀ tó ń fẹ́ lórí nọ́ńbà 4 nìkan kò tíì bàjẹ́

Bí fáànù inú ọkọ̀ rẹ bá dákẹ́ lórí nọ́ńbà 1, 2 àti 3, tó wá ń fẹ́ gan-an lórí 4, má tíì ra fáànù tuntun. Rẹsísítọ̀ ló sábà máa ń jó, ohun kékeré tó ń dín agbára iná tó ń lọ sí fáànù kù. Lórí nọ́ńbà tó ga jù, iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá rárá, ìdí nìyẹn tí 4 fi ń ṣiṣẹ́.



Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, abẹ́ dáṣíbọọ̀dù ni rẹsísítọ̀ wà, níwájú ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ti awakọ̀, lójú ọ̀nà atẹ́gùn gan-an, kí atẹ́gùn lè máa tù ú. Bí eruku bá dí fílítà atẹ́gùn, ooru á pa á. Tí o bá yọ ọ́, wo ike tó so wáyà mọ́ ọn dáadáa: bí ó bá ti yọ́ tàbí tó dúdú, pààrọ̀ òun náà. Bí rẹsísítọ̀ tuntun bá tún jó láìpẹ́, fáànù tó ti ń le láti yí ló ń fa iná jù.

Jọ̀wọ́, má gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà so fíúsì inú rẹsísítọ̀ pa. Fíúsì yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbiná.