Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Bí àlejò bá ń jẹun, tí ọmọ sì ń wo ẹnu rẹ̀, ìyá kì í sọ̀rọ̀. Ojú ni yóò fi bá a wí, ọmọ tí ó bá mojú a sì dìde kúrò níbẹ̀. Àwọn baba wa a máa di àrokò ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á a sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa tí a ní irú ọgbọ́n yìí, èéṣe tí a fi ń ka adití sí arìndìn? Kì í ṣe ọmọ kan tàbí méjì ni ó ti jẹ pàṣán gẹ́gẹ́ bí aláìgbọ́ràn, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ ni kò gbọ́.

Ní 1957, Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó ti di adití láti ọmọ ọdún 11, dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Accra; ní 1960 ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ara èdè ọwọ́ tí ó mú wá ni èyí tí a ń lò ní ilé-ìwé adití ilẹ̀ wa ti ṣẹ̀. Lónìí, ilé-ìwé adití wà ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìsinmi bá dé, tí ọmọ náà padà sílé, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò kò mọ̀ ju kí wọ́n máa najú sí i, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín lọ.

Nítorí náà ni a ṣe wí pé kí a kọ́ àwọn ọmọ tí ó gbọ́ràn pàápàá ní èdè ọwọ́, ní gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ní Adamorobe, abúlé kan ní Gánà tí adití pọ̀ sí láti ìran dé ìran, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gbọ́ràn ni ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ẹrù olùkọ́ ti wúwo jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀: ìkíni, orúkọ ẹni, omi, ebi, ibi tí ó ń dunni. Ọmọdé kì í pẹ́ gbọ́ èdè. Kí ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní èdè yìí, kí a sì gba àwọn adití fúnra wọn síṣẹ́ láti kọ́ni, kí a sanwó fún wọn, nítorí àwọn ni wọ́n ni èdè.

Òfin tí a fọwọ́ sí ní January 2019 ti sọ yíya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọmọ ṣeré ní pápá. Ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a ṣe é.