Bí Wọ́n Bá Tún Eegun Inú Etí Tò, Báwo Ni Ìgbọ́ràn Ṣe Ń Padà?

Ní ọjà Sandgrouse l'Ékòó, ta ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́? Ẹlẹ́ja ń polówó, alábàárù ń pariwo àgò, jẹnẹrétọ̀ ń hó. Ìyá ọlọ́jà kan lè máa ná ọjà níbẹ̀ láìṣì gbọ́, síbẹ̀ bó bá délé lálẹ́, kó má gbọ́ ohun tí ọmọ rọra sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò díbọ́n o. Ẹni tí eegun inú etí rẹ̀ bàjẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ariwo ọjà, bẹ́ẹ̀ ariwo yẹn ló mú kí oníbàárà gbé ohùn sókè, tó fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1672, Thomas Willis, oníṣègùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí kì í gbọ́rọ̀ àfi bí wọ́n bá ń lu ìlù nítòsí. Ọkọ rẹ̀ gba onílù sílé!

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohùn wá, ṣùgbọ́n omi ló wà nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan ti ń gba ohùn lọ sí ọpọlọ. Ẹni tó mòòkùn sínú ọ̀sà kì í gbọ́ ẹni tó ń pè é ní èbúté, nítorí ojú omi máa ń dá ohùn padà. Eegun wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló ń bá wa yanjú èyí láàárín ìlù etí àti omi náà: malleus, incus àti stapes. Stapes ló kéré jù nínú gbogbo eegun ara, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Ìlù etí fẹ̀ tó ojú ihò tí stapes ń tì ní ìlọ́po 17, nítorí náà agbára tí ìlù bá kó jọ á rọ́ sójú kan ṣoṣo, ohùn á sì wọlé.

Etí tó ń ṣọyún láti ọdún dé ọdún ló sábà máa ń ba eegun wọ̀nyí jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ incus tó kan stapes ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré. Bí eegun bá já kúrò lára ara wọn, tí ìlù etí sì wà lódidi, ìgbọ́ràn lè fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 60 lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ wẹ́rẹ́ nínú yàrá kò ní fi bẹ́ẹ̀ dé etí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí dókítà tó mú abẹ, yóò wọn ohùn tó gba ihò etí wọlé, yóò sì wọn èyí tó gba eegun ẹ̀yìn etí. Àlàfo àárín méjèèjì ni iṣẹ́ abẹ lè dí. Bó bá jẹ́ iṣan etí ló ti kú, eegun tuntun kò lè jí i.

Horst Wullstein àti Fritz Zöllner ní Jámánì ló la ọ̀nà iṣẹ́ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Dókítà lè gbẹ́ incus aláìsàn fúnra rẹ̀ kó fi dí àlàfo, tàbí kó fi titanium rọ́pò rẹ̀. Wọ́n máa ń fi kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ etí tẹ́ orí titanium kó má baà lu ìlù jáde.

Bí àlàfo tó kù kò bá ju dẹ́síbẹ̀lì 20 lọ, àwọn dókítà á ní iṣẹ́ náà yọrí. Stapes ló sábà ń pinnu rẹ̀: bó bá ṣì dúró, èyí tí wọ́n fi rọ́pò á kúrú, á sì fẹsẹ̀ múlẹ̀; bó bá ṣe ìdí rẹ̀ nìkan ló kù, àbájáde kì í sábà dára tó bẹ́ẹ̀. Etí tó ti gbẹ ń ṣe dáadáa ju èyí tó ṣì ń ṣọyún lọ, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ẹ̀yìn imú wọ etí sì gbọ́dọ̀ là. Nítorí náà ni dókítà fi ń kọ́kọ́ pa àrùn, nígbà míì kó sún títò eegun sí oṣù mélòó kan síwájú. Eegun tuntun lè yẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, etí mìíràn sì wà, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tó ń kú pátápátá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún, kó má fọn imú tagbáratagbára, kó la ẹnu bó bá fẹ́ sín, kó má jẹ́ kí omi wọ etí. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n tó lè wọn ìgbọ́ràn rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, bí etí ọmọ bá ti ṣọyún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ má da àdí tàbí òróró sí i. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ọ̀dán tàbí LUTH, ọsibítù yunifásítì tó wà ní Ìdí-Àràbà. Eegun tí Ọlọ́run tò dára ju èyí tí dókítà tún tò lọ.