Fífi Ìlà Títọ́ Sọ Àsọtẹ́lẹ̀: Àpẹẹrẹ Iye Ènìyàn Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Òwe yìí ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ àlàyé mi lónìí.

Bí a bá fẹ́ mọ bí òjò àti ìkórè àgbàdo ṣe ń bá ara wọn rìn, a ó ya àtẹ kan. Oko kọ̀ọ̀kan yóò ní àmì kan níbẹ̀: òjò rẹ̀ níbùú, ìkórè rẹ̀ lóòró. Lẹ́yìn náà ni a ó fa ìlà títọ́ kan la àárín àwọn àmì náà kọjá. Ọ̀nà tí Legendre tẹ̀ jáde ní 1805 ni a fi ń yan ìlà náà: a ó wọn bí àmì kọ̀ọ̀kan ti jìnnà sí i tó lóòró, a ó fi iye kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì mú ìlà tí àròpọ̀ wọn kéré jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sílé, sí ìpínlẹ̀ tí Ìlá-Ọ̀ràngún àti àwọn ìlú Ìgbómìnà ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ètò ìkànìyàn 1991 ka 2,158,143 ènìyàn ní Ọ̀ṣun. Ti 2006 ka 3,416,959. Ìlà tí ó so àmì méjèèjì pọ̀ ń fi nǹkan bí 84,000 kún un lọ́dọọdún. Bí a bá fà á dé 2016, ó di mílíọ̀nù 4.26.

Ṣùgbọ́n bí a bá fà á sẹ́yìn ńkọ́? Ní nǹkan bí 1965, yóò kan òdo: kò ní sí ẹ̀dá kan ní gbogbo Ọ̀ṣun! Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ọ̀ràngún ti ń jẹ ní Ìlá kí òyìnbó tó dé.

Níbo ni àléébù wà? Lọ́nà kìíní, àmì méjì péré kò lè tako ìlà tí a fi wọ́n fà. Lọ́nà kejì, ènìyàn kì í fi iye kan náà pọ̀ sí i lọ́dọọdún, nítorí àwọn tí a bí náà a máa bímọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní 3.1 nínú 100 lọ́dún, 2016 yóò jẹ́ mílíọ̀nù 4.64. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po mẹ́fà àwọn bíi 62,000 tí a kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlá ní 2006. Ilé-ẹ̀kọ́, omi àti oògùn wọn ńkọ́?

Nítorí náà, láàárín àwọn àmì wa ni ìlà ti ṣeé gbára lé jù. Bí a bá ti kọjá wọn, àfi kí a tún wádìí. Babaláwo ń padà sídìí ọpọ́n lọ́rọọrún. Àwa kò tíì tún ènìyàn kà ní Nàìjíríà láti 2006.