Wọn ò gbẹ́ ilẹ̀, wọn ò mú ọkọ́ dání, wọ́n rí odidi ìlú lábẹ́ oko!

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ eléyìí. Oko kan wà lórílẹ̀-èdè Ítálì, bíi kìlómítà 50 sí Róòmù. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ògiri àtijọ́ tó yí ilẹ̀ náà ká ló máa rí, àti ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ pípẹ́ kan, ìyókù koríko ni. Àmọ́ abẹ́ koríko yẹn, ìlú ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe abúlé o. Ìlú tó ní ọjà, ilé òrìṣà, ilé ìwẹ̀, títì àti páìpù omi.

Falerii Novi lorúkọ ẹ̀. Ìjà ló sì dá a sílẹ̀. Lọ́dún 241 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọmọ ogun Róòmù lu àwọn Falisci bolẹ̀, wọ́n tú ìlú wọn tó wà níbi gegele ká, wọ́n sì kó wọn wá síbi tó tẹ́jú kí wọ́n lè máa rí wọn. Àwọn èèyàn gbé ibẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 700 lẹ́yìn ìbí Jésù, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ bò ó, wọ́n fi dáko.

Àfi bó ṣe di oṣù kẹfà ọdún 2020, táwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cambridge àti ti Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé máàpù ìlú náà jáde, tilé-tilé, òpó-òpó. Wọn ò sì tìtorí ẹ̀ gbẹ́ kòtò kankan.

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Ẹ̀rọ réda tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n lò. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n wá ń wọ́ ọ lọ, wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀, bí ẹni ń gé koríko pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ yìí á máa rán ìgbì rédíò wọlẹ̀. Tí ìgbì yẹn bá ti pàdé ohun tó yàtọ̀ sí iyẹ̀pẹ̀ tó yí i ká, bí òkúta, ògiri tàbí ihò, apá kan ẹ̀ á ta padà wá sókè. Iye àsìkò tó fi lọ tó fi bọ̀ ni wọ́n máa fi mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe jìn sísàlẹ̀ tó. Ẹ̀yin abiyamọ tẹ́ ẹ ti ṣe sìkáànì rí, ẹ ti mọ nǹkan tó jọ ọ́. Dókítà ò la ikùn kó tó mọ ibi tórí ọmọ kọ sí. Ìró ni tọsibítù ń lò, ìgbì rédíò ni tilẹ̀.

Ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 12.5 ni ẹ̀rọ náà ń gba ìròyìn, ìyẹn ò tó ìdajì rúlà ọmọléèwé. Ẹ wá ro ó lórí ilẹ̀ ẹ́kítà 30.5, tó ju pápá bọ́ọ̀lù 40 lọ! Ìsọfúnni tí wọ́n kó jọ lé ní bílíọ̀nù 28. Kí èèyàn tó fojú yẹ ẹ́kítà kan péré wò, ó ń gbà tó wákàtí 20. Ẹ̀rọ ló ń sáré, ọmọ aráyé ló ń jókòó tì í.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti páìpù. Wọ́n rí i pé ọ̀nà omi ìlú náà ò kàn gba ẹ̀gbẹ́ títì, abẹ́ àwọn ilé gan-an ló gbà kọjá lọ sí adágún ìwẹ̀ ńlá kan. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n ti ro ọ̀rọ̀ omi kí wọ́n tó kọ́lé. Àwa tá a máa ń kọ́lé tán, ká tó wá fọ́ títì torí páìpù, ẹ jẹ́ ká má tíì sọ̀rọ̀.

Lẹ́bàá ẹnubodè àríwá, wọ́n tún rí ilé ńlá kan tí òpó yí ká lápá mẹ́ta, tí gbàgede àárín ẹ̀ gùn tó mítà 90, tó sì fẹ̀ tó 40. Àwọn olùwádìí náà ní àwọn ò mọ ilé mìíràn tó jọ ọ́. Wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tòrìṣà. Réda ò kúkú lè sọ ìyẹn. Ó lè fi ògiri hàn, kò lè pe orúkọ ẹni tó mọ ọ́n. Tí ilẹ̀ bá tún jẹ́ amọ̀ tó kún fómi, amọ̀ á gbé ìgbì yẹn mì, ẹ̀rọ á fọ́jú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lo oríṣi méjì. Lọ́dún 1997 sí 1998, wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń wá agbára òòfà gba ibẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ tí iná bá ti jó gan-an rí, bí ààrò, ibi ìsunkòkò tàbí ibi ìyọ́rin, òòfà ibẹ̀ kì í rí bíi ti ilẹ̀ lásán.

Ẹnì kan lè ní kí ló kan Yorùbá nínú ìyẹn. Ó kàn wá o. Lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ n'Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ṣèèṣì kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ dòní. Lọ́dún 1957, àwọn lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó tún kan ère idẹ. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, irin iṣẹ́ ló ṣáájú, onímọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú orí Wúnmọníjẹ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀n títí di òní.

Ká sọ tòótọ́, ilé wa máa yọ ẹ̀rọ yìí lẹ́nu ju ti Róòmù lọ. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ tiwọn, amọ̀ la fi kọ́ tiwa, tí ògiri amọ̀ bá sì ti wó, ó ti padà di ilẹ̀, kí ni réda fẹ́ rí níbẹ̀? Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ní nǹkan kan lábẹ́. Àpáàdì tí wọ́n to ní ìdúró, tí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà, ń bẹ káàkiri ìlú náà. Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ, torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Àpáàdì sì rèé, inú iná ló ti jáde, ó le, ó pọ̀ lójú kan. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ̀rọ òòfà ń wá.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé ilé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Oko ni wọ́n fi Falerii Novi ṣe, kò sẹ́ni tó kọ́lé alájà mẹ́ta lé e lórí, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀kadà ráyè rìn. Réda ò lè rìn gba inú pálọ̀ onílé kọjá. Tí katakata bá sì ti tú àpáàdì yẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè tò ó padà.

Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá rí nǹkan, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba á gbalẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, mi ò sì lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1979 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní kí ẹni tó bá rí irú ẹ̀ fi tó ìjọba létí. Tẹ́ ẹ bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ n'Ifẹ̀, tí ọkọ́ wá kan àpáàdì tó dúró lórí ìlà, tí ìkan tẹ̀ lé ìkejì bí egungun ẹja, ẹ ní káwọn lébìrà sinmi ná. Ẹnuwá ni mùsíọ̀mù wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin.