Omi Ọ̀ṣun Tí A Jọ Ń Mu: Agbára Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú

Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Ó gba Òṣogbo kọjá, Ẹrinlẹ̀ wá pàdé rẹ̀ nítòsí Ẹdẹ, wọ́n sé e ní Aṣéjìre kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò, kó tó gba ìpínlẹ̀ Ògùn já sí ọ̀sà Lẹ́kí. Gbogbo ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá òjò rẹ̀ ń wá odò yìí lọ, agbo ilé kan ni lójú omi. Ohun tí a bá dà sí àgbàrá lẹ́yìn ọjà lónìí, ẹlòmíràn ni yóò pọn ọ́n nísàlẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tó wà létí odò náà pọ̀, kálukú ló ní ààlà tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò mọ ààlà.

Àwọn tí a kọ ìwé yìí fún ni gbogbo ẹni tó ń gbé létí Ọ̀ṣun àti àwọn odò kéékèèké tó ń dà sí i: alápatà, àgbẹ̀, ìyálọ́jà, onílé, àti káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn.

Ohun tí òfin fi lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gómìnà tàbí Àbújá nìkan ló ni ọ̀rọ̀ omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ilé ìpẹran, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, àti kíkó ìdọ̀tí dànù sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú ohun tó ń fa àrùn onígbáméjì, tàífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń wọ odò.

Ẹ jẹ́ kí á mú ilé ìpẹran. Etí odò ni a sábà máa ń rí i, torí pé alápatà nílò omi púpọ̀. Tí wọ́n bá pa màlúù tán, ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ inú ìfun àti omi tí wọ́n fi fọ àgbàlá yóò gba ojú ṣíṣàn kan lọ tààrà sínú odò. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ yìí máa ń jẹrà nínú omi, jíjẹrà náà a sì fa afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí tán. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ a bá omi lọ bá ẹni tó ń pọn ún. Ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe kò le: kí ilẹ̀ ìpẹran jẹ́ sìmẹ́ǹtì, kí ojú ṣíṣàn rẹ̀ já sí kòtò tí wọ́n mọ dáadáa, kí àgbẹ̀ máa kó ìgbẹ́ ẹran lọ fi ṣe ajílẹ̀, kí odò sì jìnnà sí kòtò náà. Kí wọ́n má ṣe fún ilé ìpẹran ní ìwé àṣẹ títí wolé-wolé yóò fi rí i pé kòtò náà ń ṣiṣẹ́. Kí wolé-wolé sì tún padà lọ wò ó lásìkò òjò, nítorí ìgbà náà ni kòtò tí kò dára máa ń kún àkúnya.

Bákan náà ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣalángá gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga ní ó kéré tán ọgbọ̀n mítà, kó má sì sí lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí omi rẹ̀ yóò fi máa ṣàn wá sí ibi tí a ti ń pọnmi. Lójú tiwa, kò tọ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ mú ẹnikẹ́ni pé ó yàgbẹ́ sí etí odò nígbà tí ọjà tí onítọ̀hún ń ná kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí òfin wá tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oògùn nínú odò, ẹ má sì ju ike oògùn síbẹ̀. Ẹ fi igbó etí odò sílẹ̀ láìro, nítorí òun ló ń gba ẹrẹ̀ àti oògùn dúró kí ọ̀gbàrá tó kó wọn dénú omi. Ẹ̀yin apẹja, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi májèlé pẹja.

Ọ̀rọ̀ góòlù

Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn odò kan ti ń dà sí Ọ̀ṣun, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń wa góòlù. Wíwa ilẹ̀ àti fífọ yẹ̀pẹ̀ ló sọ omi Ọ̀ṣun di pupa rúrú, títí dé inú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Èyí tí ojú rí nìyẹn. Èyí tí ojú kò rí ló burú jù: àwọn kan máa ń fi mẹ́kúrì yọ góòlù lára yẹ̀pẹ̀. Mẹ́kúrì tó bá wọ odò máa ń kó jọ sínú ẹran ara ẹja, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ inú oyún jẹ́. Òjé náà wà nínú àwọn òkúta góòlù kan. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó tú jáde níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Tí ẹ bá se omi tó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú. Mẹ́kúrì àti òjé kì í bá ooru lọ bẹ́ẹ̀. Bí omi ṣe ń dínkù nínú ìkòkò ni òjé tó kù ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù náà máa ń mú omi tòrò, ṣùgbọ́n omi tó tòrò lè ṣì ní májèlé nínú. Ibi tí wọ́n bá ti ń wa góòlù lókè odò, kí ẹ wá omi kànga jíjìn tí wọ́n ti yẹ̀ wò fún mímu, pàápàá fún aláboyún àti ọmọdé.

Ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà. Ìjọba ìbílẹ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 ní kí ilé iṣẹ́ tó gba ilẹ̀ láti wa kùsà bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí káńsù bá ìlú jókòó sí àdéhùn náà, kí wọ́n sì kọ yíyẹ omi wò sínú rẹ̀.

Ẹni tó wà nísàlẹ̀ àti ẹni tó wà lókè

Káńsù kan ṣoṣo kò lè tún odò yìí ṣe. Àjọ Ìdàgbàsókè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta, kó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó pọ̀. Àwọn alága káńsù létí odò lè gba ibẹ̀ fẹnu kò lórí òfin kan náà: bí ilé ìpẹran yóò ṣe rí, bí oko yóò ṣe jìnnà sí omi tó, ìgbà tí wọn yóò máa yẹ omi wò ní ààlà káńsù kọ̀ọ̀kan, kí èsì rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ènìyàn.

Ó yẹ kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ náà dá owó. Ní ọdún 1997, ìlú New York bá àwọn ìlú kéékèèké orí òkè Catskill, níbi tí omi rẹ̀ ti ń wá, ṣe àdéhùn. New York ń sanwó fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ láti lé màlúù kúrò létí omi, ó sì ń tún kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ilé wọn ṣe, nítorí ó rí i pé èyí kò wọ́n tó kíkọ́ ilé ẹ̀rọ ńlá tí yóò máa sẹ́ ìdọ̀tí. Ìbàdàn náà ń mu omi Aṣéjìre. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tí wọ́n kọ́ sí ọjà kan lókè odò, ará Ìbàdàn ló ń ṣe láǹfààní.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Nígbà tí káńsù yín bá ń ṣètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin olórí àdúgbò, ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín. Ẹ béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kòtò ilé ìpẹran, fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, àti fún yíyẹ omi wò. Tí kò bá sí iye kankan níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé náà.