Owó Ọgbà Ìgbafẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kalifọ́ríníà

Owó ọgbà ìgbafẹ́ ni owó tí ìjọba ìlú ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gé ilẹ̀ sí pùlọ́ọ̀tì láti kọ́ ilé tuntun, kí àwọn tí yóò wá gbé ibẹ̀ má baà ṣàìní ibi ìgbafẹ́ àti ibi ìṣeré. Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́ríníà, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Òfin Quimby ti ọdún 1965 ni ó fi àṣẹ yìí fún àwọn ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀. Akọ́létà lè yọ̀ǹda ilẹ̀, tàbí kí ó san owó dípò rẹ̀. Bí pùlọ́ọ̀tì kò bá ju 50 lọ, owó nìkan ni wọ́n sábà lè béèrè.

Ìṣirò owó náà

Iye ènìyàn ni ìpìlẹ̀ ìṣirò náà. Ìlú yóò fi ìwọ̀n ènìyàn tí ètò ìkànìyàn fi hàn pé ó ń gbé inú ilé kan ṣe ìṣirò iye àwọn tí ilé tuntun yóò gbà. Éékà 3 ni òfin lànà sílẹ̀ fún 1,000 ènìyàn. Ìlú tí ọgbà rẹ̀ bá ti ju èyí lọ tẹ́lẹ̀ lè béèrè jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá éékà 5. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́jà sọ éékà di owó.

Fún àpẹẹrẹ, 100 ilé tí ènìyàn 3 ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 300 ènìyàn. Ilẹ̀ tí ó tọ́ sí wọn jẹ́ éékà 0.9. Bí éékà kan bá ń lọ ní 1,000,000 dọ́là, àpapọ̀ owó náà yóò jẹ́ 900,000 dọ́là, èyí tí í ṣe 9,000 dọ́là lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń wọ́n sí i ni owó ọgbà ń ga sí i. Akọ́létà ni ó ń san án, ṣùgbọ́n ó lè fi apá kan rẹ̀ kún iye tí yóò ta ilé.

Ríra ilẹ̀, ṣíṣe ọgbà tuntun àti àtúnṣe ọgbà àtijọ́ ni owó náà wà fún. Wọn kò gbọdọ̀ fi san owó oṣù àwọn olùtọ́jú ọgbà.

Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́

Ẹgbẹ́ àwọn akọ́létà pe ìlú Walnut Creek lẹ́jọ́ pé ohun tí gbogbo ará ìlú yóò jùmọ̀ lò kò yẹ kí ó di ẹrù àwọn nìkan. Ní 1971, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Kalifọ́ríníà dá ìlú náà láre. Ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà pààlà sí irú agbára bẹ́ẹ̀. Ní 1987, ó ní ohun tí ìjọba béèrè gbọ́dọ̀ tan mọ́ ìnira tí ilé tuntun náà yóò mú wá. Ní 1994, nínú ẹjọ́ ìlú Tigard ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó ní ó gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ìnira náà. Ní 2013, ó fi owó kún ohun tí òfin yìí kàn. Ní 2024, ó ṣàlàyé pé owó tí ìgbìmọ̀ aṣòfin là sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn kò bọ́ lọ́wọ́ ìlànà náà.

Ìṣòro tó kù

Níbi tí ilé tuntun bá ń yọ ni owó ti ń wá. Àdúgbò àtijọ́ tí èrò pọ̀ sí, tí kò sì sí ẹni tó ń kọ́lé tuntun síbẹ̀, lè wà láìní ọgbà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe tún òfin náà ṣe ní 2013, kí ìlú lè ná owó náà ní àdúgbò mìíràn tí ọgbà rẹ̀ kò tó, bí ó bá ti tẹ̀lé àwọn ìlànà tí òfin là sílẹ̀.