Lẹ́tà Wa Tí Ó Wà Nínú Àpótí Ẹlòmíràn

Ní ilé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àpótí páànù kan wà lábẹ́ ibùsùn tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nínú rẹ̀ ni ìwé ìrìbọmi wà, àti ìwé ilẹ̀, àti lẹ́tà tí ọmọ kọ láti Èkó tàbí láti ìlú Òyìnbó. Bí ikán kò bá jẹ ẹ́, tí òjò kò sì rọ̀ sí i, ọmọ-ọmọ yóò bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 25 sẹ́yìn, lẹ́tà kì í sábà wọ inú àpótí yẹn mọ́. Ímeèlì ni a ń kọ. Ìwé ìgbàwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìwé ìpè sí iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí owó tí a san, ìròyìn ikú bàbá tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, inú ímeèlì ni gbogbo wọn wà. Ọ̀ràn tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa gbé yẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí ni pé, níbo gan-an ni wọ́n wà, ta ni ó sì ni àpótí náà?

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí a dá Yunifásítì Ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ Tai Solarin sílẹ̀ ní 2005. Ọ̀dọ́mọdé tí ó wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ yóò lo ọdún púpọ̀, yóò sì fi ímeèlì bá olùkọ́ àti òbí sọ̀rọ̀ títí yóò fi gba oyè. Bí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ kan bá fún ènìyàn ní àdírẹ́sì, níbikíbi tí ó wù kí ó jẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ náà ni ó ni ín; lọ́jọ́ tí a bá sì kúrò, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn. Onílé pàápàá a máa yí padà. Yunifásítì Ìjagun yìí kúrò lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2025, nígbà tí irú èyí bá sì ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ kan, orúkọ tí ó tẹ̀lé àmì @ nínú àdírẹ́sì lè yí padà pẹ̀lú.

Àpótí ọ̀fẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti tó bàbá àti ìyá lónìí ni ó kọ́kọ́ ní àdírẹ́sì Yahoo, tí wọ́n ṣí nínú káfè tí a ti ń san owó wákàtí, kí fóònù tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. (Ó dun ni pé orúkọ ilé-iṣẹ́ yìí ni a wá fi ń pe àwọn gbájú-ẹ̀ ní ilẹ̀ wa.) Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí lọ sí Gmail, tí wọ́n sì gbàgbé ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Yahoo a máa kó lẹ́tà inú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ fún oṣù 12 dànù. Google pẹ̀lú kéde ní 2023 pé àdírẹ́sì tí a kò bá lò fún ọdún 2 lè di píparẹ́, láti oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹni tí lẹ́tà ìfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà nínú Yahoo àtijọ́, kí ó lọ wò ó lónìí.

Àwọn kan yóò wí pé, “Èmi kò bẹ̀rù, lẹ́tà mi wà nínú fóònù, ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé, ó tún wà nínú ti ibi iṣẹ́.” Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà ka ímeèlì lóde òní, èyí tí ń jẹ́ IMAP, tí Mark Crispin bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1986, kò pín lẹ́tà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà náà jókòó sínú kọ̀ǹpútà ńlá ti ilé-iṣẹ́ tí ó ni àpótí, ẹ̀rọ wa kọ̀ọ̀kan sì ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé tirẹ̀. Ìrọ̀rùn ńlá ni: ohun tí a kà lórí fóònù nínú ọkọ̀ Èkó, ẹ̀rọ ilé ti mọ̀ pé a ti kà á kí a tó délé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré bá fi ìka pa á rẹ́ lórí fóònù, yóò parẹ́ lórí àwọn yòókù. Ọ̀nà tí ó ṣáájú rẹ̀, POP, a máa gbé lẹ́tà wá sínú ẹ̀rọ ẹyọ kan, a sì sábà máa kó o kúrò lọ́hùn-ún. Bí olè bá gbé ẹ̀rọ náà, ó gbé lẹ́tà lọ. Bọ́tìnì tí Gmail ń pè ní Archive kò sì ṣe ẹ̀dà kankan. Ó kàn gbé lẹ́tà kúrò ní iwájú wa, inú àpótí kan náà ni ó ṣì wà. Èyí tí a bá jù sínú Trash, ọjọ́ 30 ni yóò lò níbẹ̀.

Àwọn tí ń tọ́jú lẹ́tà fún gbogbo ayé pàápàá ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2011, àwọn kan jí, wọ́n sì bá àpótí Gmail wọn ní òfìfo. Google ní ìdá 0.02 nínú 100 àwọn tí ń lò ó ni ọ̀ràn náà kàn. Ẹ̀dà lẹ́tà wọn wà ní ju ilé-ẹ̀rọ kan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀dà wọ̀nyí so mọ́ ara wọn, àṣìṣe náà sì bá wọn lápapọ̀. Ohun tí ó yọ wọ́n ni téèpù, tí a ti kọ lẹ́tà sí, tí a sì gbé sọ́tọ̀ láìso ó mọ́ ẹ̀rọ kankan. Láti inú téèpù ni a ti dá wọn padà.

Téèpù ti agbo ilé kò ṣòro láti ṣe. Google ní ibì kan tí ń jẹ́ Takeout, níbi tí a ti lè béèrè gbogbo lẹ́tà wa lẹ́ẹ̀kan. A ó fi wọ́n fún wa nínú fáìlì tí ń jẹ́ mbox, èyí tí ètò ẹ̀rọ púpọ̀ lè kà, tí kì í ṣe ti Google nìkan. Ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà níbòmíràn lè lo Thunderbird, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ti wà láti 2004: kí ó so àpótí rẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì da lẹ́tà àtijọ́ kọ sínú ibi tí wọ́n ń pè ní Local Folders, tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Yóò jẹ dátà, nítorí náà kí a má ṣe é ní ọjọ́ tí dátà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì tàbí dísìkì, kí ọ̀kan wà nílé, kí òmíràn sì wà lọ́dọ̀ àbúrò ní ìlú mìíràn. Fláàṣì a máa kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí a ṣí i wò lọ́dọọdún, kí a sì mú un ṣọ́ra bí ìwé ilẹ̀, nítorí nọ́ńbà báǹkì àti àṣírí ilé wà nínú lẹ́tà àtijọ́.

Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ mbox í kà. Nítorí náà, àwọn lẹ́tà tí ó ṣe iyebíye, bóyá 50 tàbí 100 nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ni kí a sọ di PDF, tí fóònù gbogbo lè ṣí. Kí a kọ ọdún, oṣù àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ sí orí fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi gbólóhùn kan sọ ohun tí ó wà fún. Àwọn baba wa mọ ìdí èyí. Àrokò Ìjẹ̀bú, owó ẹyọ tí a so mọ́ okùn, lẹ́tà ni. Mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ń fà sí ọ. Nígbà tí J. A. Otunba Payne fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1887. Láìsí ìtumọ̀ náà, owó ẹyọ lásán ni àwọn tí ó dé lẹ́yìn ìbá rí.

Ó ku ọ̀ràn ikú, tí a kì í fẹ́ sọ níbi oúnjẹ. Opó tí kò mọ pásíwọ́ọ̀dù ọkọ rẹ̀ lè rí fóònù olóògbé lórí tábìlì kí ó má lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ lè wà níbẹ̀. Láti 2013 ni Google ti fi àyè sílẹ̀ pé kí ènìyàn yan ẹni tí yóò gba lẹ́tà rẹ̀ bí a kò bá gbúròó rẹ̀ mọ́ fún oṣù mélòó kan. Inactive Account Manager ni orúkọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà. Kí ọkọ àti aya jókòó ṣe é pọ̀ ní ọjọ́ kan tí ara le, tí kò sí ìjà nílé, kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹni tí wọ́n yàn fún àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà.